Ẹ Yí I Padà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ kú ìjókòó o. Ère tó wà lórí tábìlì yìí, ìrìn àjò ni mo ti rà á, ní ọjà àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń ná ní ìta gbangba. Ẹ wo bó ṣe là láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Òru ọjọ́ kan ló dún pàà, mo ṣebí olè ti dé. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Igi tó ti gbẹ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kì í sábà dédé là lóru. Ó jọ pé igi tútù ni.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ojú ère ni mo ń wò, n kò yí i padà. Oníṣòwò a máa ṣe iwájú ọjà lọ́ṣọ̀ọ́, kì í sábà rántí ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí ipa ọ̀bẹ tí kò dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ló gbẹ́ ẹ. Bó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì tutù bí ẹ bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ó ṣeé ṣe kí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun bá sì ń jábọ́ láti inú ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ẹ má gbé e wá bá àga ilé yín.

Aṣọ náà ńkọ́? Òdì rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọnà tí wọ́n hun máa ń hàn lódì. Èyí tí ẹ̀rọ kàn tẹ̀ sójú aṣọ, àwọ̀ òdì rẹ̀ sábà máa ń ṣá. Bí wọ́n bá ní irun àgùntàn ni, ẹ tọrọ fọ́nrán kan péré, kí ẹ ṣáná sí i. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jó, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ ìka. Òwú á rùn bí ìwé tó ń jó. Bó bá yọ́, tó sì dì ní kókó líle, ẹ̀yà ike ni. Mo ti rí ìyá kan tó fúnra rẹ̀ na ìṣáná sí mi kí n tó la ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ra aṣọ, n kò sì ná an púpọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ fún ogún ìṣẹ́jú, tó rí bí aṣọ náà ṣe gùn sí i tó, ẹnu rẹ̀ á wúwo láti ní kí wọ́n gbé e ní ìdajì owó.

Nọ́ńbà 925 lára fàdákà túmọ̀ sí pé ìdá 925 nínú 1,000 jẹ́ fàdákà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè tẹ nọ́ńbà. Bí òòfà bá gbá a mú, irọ́ ni. Bí kò bá gbá a mú, ẹ má tíì yọ̀, nítorí òòfà kì í fa idẹ náà. Abọ́ amọ̀ tó ń dán lè ní òjé nínú ohun tí wọ́n fi kùn ún. Ẹ gbé e kọ́ ògiri, ẹ má fi jẹun.

Àwọn ọjà kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ nawọ́ sí rárá. Àdéhùn CITES, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973, ló ń darí òwò ẹranko àti ewéko tó lè run láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní 1989 ni wọ́n fẹnu kò lábẹ́ rẹ̀ láti fòfin de òwò eyín erin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ìkarahun ìjàpá òkun náà wà níbẹ̀. Rìsíìtì olùtajà kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ohun àtijọ́ pàápàá ní òfin tirẹ̀: àdéhùn tí UNESCO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ṣe ní 1970 lòdì sí kíkó ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè jáde lọ́nà àìtọ́.

Èyí ló dà mí láàmú ní ẹnubodè nígbà tí mò ń bọ̀. Aṣọ́bodè gbé ère mi dání, ó bi mí bóyá ó ti pẹ́. Ẹnu mi gbẹ. Ó fi àtàǹpàkò ra á níwájú orí, ó wo ìka rẹ̀ tó ti dúdú, ó gbóòórùn rẹ̀: pólíṣì bàtà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n máa gbé e lọ.