Abẹ́rẹ́ Tí Kò Ṣeé Fà Padà: Ọ̀rọ̀ lórí Àbójútó Ìdánwò Jíìnì Lára Ènìyàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ tí a ń pe nǹkan yìí wò. Ìwòsàn jíìnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Wíwò ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, sísàn náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ ìlérí pé ara òun yóò yá. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń jíròrò lónìí kì í ṣe oògùn tí a ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò ni, ìdí tí a sì fi ń dán an wò ni pé a kò tíì mọ̀. Nínú ìlànà NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera, gbígbé jíìnì sára ènìyàn ni wọ́n pè é, orúkọ tí kò ṣe ìlérí kankan fún ẹnikẹ́ni. Ìdánwò jíìnì ni èmi náà yóò máa pè é. Bí ó bá le létí, ẹ jẹ́ kó le bẹ́ẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Jíìnì ni àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe ohun tí ara nílò. Bí ọ̀kan bá ní àbùkù láti inú oyún, àwọn onímọ̀ a máa gbìyànjú láti fi èyí tó pé ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n sì sábà máa ń rán, nítorí pé kò sí ohun tó mọ ọ̀nà inú sẹ́ẹ̀lì tó o. Wọ́n á yọ ohun tó ń fa àìsàn kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á fi jíìnì náà rọ́pò. Nígbà mìíràn wọ́n á gún un sí ara tààrà. Nígbà mìíràn wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì jáde láti inú mùdùnmúdùn, wọ́n á tún un ṣe ní yàrá ìwádìí, wọ́n á sì dá a padà sára ẹni tó ni ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyí. Láti ìgbà Ìlànà Nuremberg ọdún 1947, tó sọ bó ṣe tọ́ kí a máa ṣe ìwádìí lára ènìyàn, ni a ti gbà pé ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí lè yọwọ́ nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó ń gbé oògùn oníhóró mì lè pinnu lọ́la pé òun kò gbé e mì mọ́, ara rẹ̀ yóò sì fọ èyí tó kù dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí a gbé jíìnì sí lára lè kọ̀ láti tún wá sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó lè bá a yọ jíìnì náà kúrò. Èyí tó tún burú ni pé fáírọ́ọ̀sì AAV, tí wọ́n ń lò jù lónìí láti gún jíìnì sí ara tààrà, máa ń mú kí ara ró ogun dè é, débi pé ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan kì í sábà lè gbà á mọ́. Ẹni tó gba ìwọ̀n kékeré tí kò ṣe é láǹfààní ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tí ì bá ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Mo ti ka ìwé ìfọwọ́sí púpọ̀ tó kọ gbólóhùn náà pé “o lè yọwọ́ nígbàkigbà” gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, tó sì fi ti ilẹ̀kùn yìí sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọkànlá. Lójú tèmi, bí ẹ̀tọ́ láti yọwọ́ bá ti dínkù tó báyìí, ẹrù àbójútó gbọ́dọ̀ wúwo sí i ní ibi méjì: ṣáájú abẹ́rẹ́, àti ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jesse Gelsinger ní Yunifásítì Pennsylvania. Ọmọ ọdún 18 ni. Àìsàn OTC tó ń ṣe é kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lè palẹ̀ amóníà, ohun olóró kan, mọ́ kúrò nínú ara, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò le. Oúnjẹ tí wọ́n ṣètò fún un àti oògùn ló fi ń bá a gbé. Ìdánwò náà kò sí fún àǹfààní tirẹ̀: ìwọ̀n tí ara lè gbà ni wọ́n ń wá, nítorí àwọn ọmọ ọwọ́ tí àìsàn kan náà ń pa. Ní ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, wọ́n da fáírọ́ọ̀sì sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ibà mú un lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di òwúrọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́njú ń ṣe, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kú ní ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé amóníà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n tí ìlànà ìdánwò náà gbà láàyè. Wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀ àwọn kan tó gbà á ṣáájú rẹ̀ ti fara gbá, a kò sì tètè ròyìn rẹ̀. Wọ́n tún rí ohun kan tí n kò lè gbàgbé: nínú ìwé ìfọwọ́sí tí ìgbìmọ̀ àjọ NIH yẹ̀ wò, a mẹ́nu kan àwọn ọ̀bọ tó kú lẹ́yìn tí wọ́n gba irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tó ga jù, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n gbé fún Jesse, àwọn ọ̀bọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Olórí ìwádìí náà sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ aládàáni tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tó lè jèrè lára iṣẹ́ náà. N kò sọ pé owó ló pa ọmọ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò yẹ kó tún jẹ́ ẹni tí yóò díwọ̀n rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kì í sábà jáde nínú ìtàn yìí. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí àìsàn náà le fún gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ rò láti lò. Onímọ̀ ẹ̀tọ́ kan, Arthur Caplan, ló gbà wọ́n nímọ̀ràn pé òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀ kò lè fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, pé kí wọ́n lo àgbàlagbà tó lè pinnu fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò ṣàìní ọgbọ́n nínú, síbẹ̀ òun ló mú kí ẹni tí ara rẹ̀ le dé orí bẹ́ẹ̀dì náà. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́, àwọn tó ń pinnu bóyá ìdánwò kan tọ́ láti ṣe, kàn ń pín àwọn ènìyàn sí rere àti búburú ni. Ìrora ta ni a ó fi gbé tẹlòmíràn ni wọ́n ń wọ̀n.

Lẹ́yìn ikú yìí ni àjọ NIH béèrè ìròyìn lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń lo irú fáírọ́ọ̀sì kan náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú 691 ló jáde, 39 péré nínú wọn ni wọ́n sì ti ròyìn fún àjọ náà bí òfin ṣe wí. Ẹ dúró lórí iye yẹn díẹ̀. Bí oníkálukú bá di ìròyìn tirẹ̀ mọ́ra, ìgbìmọ̀ tó ń jókòó yẹ ìlànà tuntun wò ń ṣe ìdájọ́ nínú òkùnkùn ni. Ìdí nìyí tí ìdánwò òde òní fi máa ń ní ìgbìmọ̀ kan tí kò sí lára àwọn olùwádìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka àbájáde bí ó ṣe ń wọlé, tó sì lè ní kí a dúró. Ìdí nìyí náà tí a kì í fi gún ènìyàn méjì ní ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀: a ó gún ẹni àkọ́kọ́, a ó dúró bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, a ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹni kejì tó na apá. Àwọn olùwádìí a máa ráhùn pé ìdúró yìí ń náni lówó. Òótọ́ ni, ó ń náni lówó.

Ṣùgbọ́n dídúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè fi gbogbo ewu hàn. Ní ilé ìwòsàn Necker ní Paris, Alain Fischer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ tí a bí láìní agbára ìdáàbòbò ara ní ọdún 1999. Àwọn ọmọ tó yẹ kó máa gbé láàárín aṣọ oníke padà sílé. Ayọ̀ ńlá ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀ lẹ́yìn náà, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ yọjú lára ọ̀kan nínú wọn, lẹ́yìn náà lára òmíràn, títí tó fi di mẹ́rin, ọ̀kan kú. Lára àwọn kan nínú wọn, fáírọ́ọ̀sì náà ti há jíìnì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ LMO2, jíìnì kan tó lè ti sẹ́ẹ̀lì sí bíbí láìdúró, ó sì jí i. Nígbà tí ìròyìn yìí jáde, Faransé dáwọ́ dúró, Amẹ́ríkà dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí tiwọn máa lọ fún àwọn ọmọ tí kò ní ọ̀nà mìíràn, bí a bá ti sọ ewu náà fún òbí wọn. Ìròyìn kan náà, ìpinnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. N kò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi nínú wọn.

Irú ìrírí yìí ló mú kí àjọ FDA ní kí a máa ṣọ́ àwọn tó gba fáírọ́ọ̀sì tó ń há jíìnì mọ́ ti ara fún ọdún 15, kí a sì ṣọ́ àwọn tó gba AAV títí di ọdún márùn-ún. Ọdún 15 rọrùn láti kọ sínú ìwé. Láàárín rẹ̀, olórí ìwádìí lè ti fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ lè ti di ti ẹlòmíràn, nọ́ọ̀sì tó mọ orúkọ ìdílé náà lè ti lọ. Ọmọ tó gbà á ní oṣù mẹ́fà yóò fi ọdún 15 máa wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n á sì fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ nítorí ìwé kan tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí kó tó mọ̀ọ́ rìn. Mo gbà pé ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ní ọdún wo ni a ó jókòó ti ọmọ náà, tí a ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní etí ara rẹ̀, àwọn ọ̀bọ àti àwọn ọmọ Paris pẹ̀lú, kí a sì bi í bóyá ó fẹ́ kí a ṣì máa ṣọ́ òun. Ó lè ní rárá. Jíìnì náà kò ní í kúrò lára rẹ̀. Ìṣọ́ nìkan ló kù tó lè yọwọ́ nínú rẹ̀, ìṣọ́ yẹn náà ló sì lè tètè rí jẹjẹrẹ bí ó bá ń bọ̀.