Kí Ẹ Tó Sanwó Irúgbìn Orí Fóònù, Ẹ Ka Lẹ́tà Kéékèèké Abẹ́ Àwòrán

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde rí irúgbìn àlùbọ́sà kan láti Ìlú Ọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwòrán rẹ̀ tóbi bí orí ọmọ tuntun. Ó sanwó, ó gbìn ín, ó ń bomi rin ín láràárọ̀. Irúgbìn hù, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó fa ọ̀kan tu. Ìdí rẹ̀ ò wú rárá, tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí láti òkè dé ilẹ̀. Ó di ariwo: "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì!"

Kò sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì. Ojúlówó irúgbìn ni. Ibi tí wọ́n gbìn ín sí ni kò bá a lára mu.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àlùbọ́sà mọ bí ọ̀sán ṣe gùn tó. Bí ọ̀sán bá ṣì kúrú sí èyí tó ń fẹ́, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Ọjọ́ tí ọ̀sán bá gùn tó bó ṣe fẹ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ sí ìdí. Èyí tí wọ́n ń gbìn ní Ìlú Ọba ń dúró de ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16. Ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kẹfà, oòrùn ń lò ju wákàtí 16 lọ lójú ọ̀run kó tó wọ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́? Ọ̀sán tó gùn jù lọ nínú ọdún wa ò ju nǹkan bíi wákàtí 12 àtààbọ̀ lọ. Àlùbọ́sà yẹn á retí retí, ohun tó ń retí ò ní dé. Èyí tó lè wú lọ́dọ̀ wa ni èyí tí wọ́n kọ short-day (ọ̀sán kúkúrú) sí lára, irú bíi Red Creole. Wọ́n á kúkú kọ ọ́ síbẹ̀ o, lẹ́tà kéékèèké ni, lábẹ́ àwòrán ńlá. Ta ló wá ń kà á?

Lẹ́tà kéékèèké yẹn la fẹ́ bá yín kà lónìí.

Ìwé tí wọ́n ń ya àwòrán ohun ọ̀gbìn sí, tí àgbẹ̀ á mú èyí tó wù ú, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i, ohun àtijọ́ ni. Kátálọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é. Ní 1876 ni W. Atlee Burpee dá ilé iṣẹ́ irúgbìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, pósítì ló sì fi ń bá àwọn àgbẹ̀ dòwò pọ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń ka ìwé náà: yìnyín ti bo oko, iṣẹ́ ò sí, àgbẹ̀ á jókòó ti iná, á máa ṣí i wò. Ẹni tí òtútù ń bá jà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí "zone" àti nọ́ńbà lára ìwé wọn. Bí igi náà ṣe lè fara da òtútù tó ni wọ́n fi ń sọ. Lọ́dọ̀ wa, ìdàkejì ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Àwọn ápù tó gbajúmọ̀ nílùú òyìnbó ò ní tanná dáadáa àyàfi tí òtútù bá kọ́kọ́ mú wọn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ lè tọ́jú igi rẹ̀ ní Ṣágámù títí irun yín á fi funfun.

Kátálọ́ọ̀gì tiwa, orí WhatsApp ló wà báyìí. Ẹni tó ń tà wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ fi owó ránṣẹ́, ó gbé e fún awakọ̀ ní gáráàjì, ẹ san owó wébììlì, ó tán. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n fi ń polówó, inú kátálọ́ọ̀gì òyìnbó ni wọ́n ti mú un. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè ni orúkọ ẹ̀yà irúgbìn náà gan-an. Ẹni tí kò bá ní orúkọ, tó jẹ́ "tòmátì olómi ńlá" nìkan ló ní, ẹ fi í sílẹ̀.

Tí ẹ bá ti ní orúkọ, ẹ wo iye ọjọ́. Ká ní wọ́n kọ 75 síbẹ̀ fún tòmátì tàbí ata. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n fọ́n irúgbìn sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tòmátì àti ata, ọjọ́ tí wọ́n bá lọ́ ọ kúrò ní nọ́sìrì sí oko ni wọ́n ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ilá àti ẹ̀wà ni wọ́n ń kà láti ọjọ́ gbígbìn. Ẹ jẹ́ ká fi Ojúde Ọba ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo ayé mọ̀ pé ata àti tòmátì kì í dúró lọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan kó lọ sọ́jà gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ 75 padà sẹ́yìn, kó tún fi oṣù kan tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nọ́sìrì lé e. Ìgbà tó bá bọ́ sí ni kó wá fi wo òjò: ṣé ìgbà òjò ni tòmátì yẹn máa wà lóko, àbí ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀?

Lẹ́yìn iye ọjọ́ ni àwọn lẹ́tà kan tó máa ń tẹ̀ lé orúkọ tòmátì: V, F, N. Àrùn tí kì í tètè ràn án ni wọ́n ń tọ́ka sí. V àti F jẹ́ àrùn olú méjì tó ń mú kí ewé rọ, N sì jẹ́ ti aràn inú ilẹ̀ tó ń so kókó sí gbòǹgbò. Ó dáa, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yọ àwọn tó ń gbin tòmátì lẹ́nu jù nílẹ̀ olóoru, ilẹ̀ òjò bíi tiwa, kò sí nínú mẹ́ta yẹn. Ẹ ti rí i rí: igi tòmátì tútù, tó ti ń so, á kàn rọ lójú ọ̀sán, ewé rẹ̀ ò tilẹ̀ pọ́n, ó di ọjọ́ kejì kẹta, ó kú. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ẹ fi ẹnu ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́, kí ẹ dì í mú láì mì í. Tí ẹ bá rí omi funfun tó ki, tó ń fà wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹnu rẹ̀, bakitéríà ni. Ẹ̀yà tó lè bá a jà, Rs tàbí BW ni wọ́n ń kọ sí i lára. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn fún ilẹ̀ olóoru ló sábà máa ń ní i. Irú wọn ni East-West Seed tí Simon Groot dá sílẹ̀ ní Philippines ní 1982. Iṣẹ́ yìí ló gba World Food Prize fún un ní 2019. Èmi ò polówó fún ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ń tọ́jú irúgbìn níbi tí òjò ti ń pa á bíi ti Ìjẹ̀bú ni kí ẹ wá.

F1 tí ẹ máa ń rí lára páálí irúgbìn ńkọ́? Àdàlù ìyá àti bàbá méjì tí wọ́n dìídì yàn ni. Ó ń so dáadáa, ó sì wọ́n. Ẹ má kó hóró rẹ̀ pamọ́ fún ọdún tó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Gbólóhùn kan tó fún un.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni àwọn hóró tí kò gbọdọ̀ gbẹ. Kòkó, obì, máńgòrò, píà: tí a bá sá wọn bí a ṣe ń sá àgbàdo, wọ́n kú nìyẹn. Hóró kòkó tó ti kúrò nínú èso rẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ní láyé. Nítorí náà, ẹni tó ń ta hóró kòkó gbígbẹ nínú ọ̀rá pélébé fún gbígbìn, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ṣokoléètì ló ń tà fún yín. Ẹ béèrè èso tútù tàbí sídílìn, àwọn CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn sì kúkú súnmọ́ wa. Kòkó àti obì wà lára iṣẹ́ wọn.

Ọ̀pẹ agíríìkì tún ní jìbìtì tirẹ̀, èyí sì burú torí pé ó ń pẹ́ kó tó hàn. Tenera ni gbogbo èèyàn ń fẹ́, èyí tí ẹran rẹ̀ pọ̀, tí èèpo ẹkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Dura àti Pisifera, ẹ̀yà ọ̀pẹ méjì mìíràn, ni wọ́n ń so pọ̀ tó fi ń di Tenera. Àwọn kan á lọ ṣa ẹyìn lábẹ́ igi Tenera, wọ́n á gbìn ín, wọ́n á máa tà á. Ẹ wò ó: tí Tenera bá gba Tenera, nínú 100 ọmọ wọn, nǹkan bíi 50 ló máa jẹ́ Tenera, 25 á padà di Dura eléèpo líle, 25 yòókù á jẹ́ Pisifera tí kì í sábà so. Ẹ ó ti ro oko fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kí ẹ tó mọ̀. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba nítòsí Benin, ni orísun rẹ̀. Ẹni tó bá ní ibẹ̀ ni òun ti rà á, kó fi rìsíìtì hàn yín.

Sitirọ́bẹ́rì aláwọ̀ búlúù àti róòsì aláwọ̀ òṣùmàrè tí ẹ ń rí lórí Facebook, kọ̀ǹpútà tàbí aró ló kùn ún. Kò sí irúgbìn tó ń mú irú rẹ̀ jáde.

Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín ń bọ̀ láti òkè òkun, tó ní òun á fi nǹkan gbígbìn sínú báàgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bíi 1973, kòkòrò funfun kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní Kóńgò. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ara igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó wá gbìn ló sì bá wọ Áfíríkà, níbi tí ọ̀tá rẹ̀ kankan ò sí. Ó ń jẹ oko bọ̀ láti ìlú dé ìlú títí tó fi dé Nàìjíríà. Agbọ́n tín-tìn-tín kan láti Paraguay, tó ń yé ẹyin sí kòkòrò yìí lára, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hans Herren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní 1981, òun ló gba ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí agbọ́n yẹn, kí la ò bá máa pè ní gààrí Ìjẹ̀bú? Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní kí ẹ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ NAQS, àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò fún ìjọba, kí ohun ọ̀gbìn tó wọlé, kí ìlú tó ti ń bọ̀ náà sì fún un ní ìwé pé àrùn ò sí lára rẹ̀. Ní 2020, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà gba irúgbìn tí wọn ò rà nínú pósítì, àmì Ṣáínà ló wà lára rẹ̀. Ohun tí ìjọba wọn sọ fún wọn ni pé wọn ò gbọdọ̀ gbìn ín. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má jù ú sí ààtàn náà, torí ó lè hù níbẹ̀.

Ó dáa, ọjà ti dé. Tó bá jẹ́ irúgbìn, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dì í. Àlùbọ́sà kì í pẹ́ kú. Èyí tó ti lé lọ́dún méjì nílẹ̀, ẹ má fi ṣeré. Ẹ ka hóró 20, ẹ tò ó sórí tíṣù tútù, ẹ ká a, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀. Tòmátì á ti yọ ẹnu láàárín ọjọ́ 5 sí 10, ata lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Tí 18 bá hù, ó dáa. Tí ó bá jẹ́ 8, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó tà á. Àwọ̀ pupa tàbí búlúù tó wà lára hóró, oògùn apakòkòrò tàbí apàrùn ni: àgbàdo tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má sè é, ẹ má fún adìyẹ.

Tó bá sì jẹ́ sídílìn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi ránṣẹ́ ní Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó ń lọ sí Redemption City lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Igi á ti sè sínú ọ̀rá kó tó dé Ṣágámù. Ẹ tú u ní gáráàjì gan-an, níṣojú awakọ̀. Tí ẹ bá délé, abẹ́ ibòji ni kó wà fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ tó wá gbìn ín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ju páálí tàbí ọ̀rá rẹ̀ nù. Nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, èyí tí wọ́n fi ń mọ ìdì tó ti wá, wà lára rẹ̀, òun lẹ ó fi bá ẹni tó tà á sọ̀rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tí ẹ rà bá lọ di akọ látòkèdélẹ̀.