Omi Kánádà: Ọ́dítọ̀ Ń Kọ̀wé, Ìjọba Ń Gbà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, omi ẹ̀rọ di ikú ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà. Òjò ló gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kànga tí gbogbo ìlú ń mu. Èèyàn méje kú, àwọn tó dùbúlẹ̀ àìsàn lé ní 2,000. Ariwo ta. Nígbà tó fi máa di 2002, Ontario ti ṣe òfin omi tó le: ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi ìlú.

Àmọ́ òfin yẹn níbi tó parí sí. Kò wọ orí ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn First Nations, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ló ń fún wọn lówó omi, ìgbìmọ̀ ìlú ló ń tọ́jú ẹ̀rọ. Òfin wo ló wá sọ bí omi náà ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó? Ilé aṣòfin ṣe ọ̀kan ní 2013, wọ́n ní kí ìjọba lọ kọ ìlànà tó máa mú un ṣiṣẹ́. Ìjọba ò kọ ìlànà kankan títí wọ́n fi wọ́gi lé òfin náà ní 2022.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Neskantaga, ìlú First Nations kan ní àríwá Ontario yìí kan náà. Bàálù ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ìgbà òtútù nìkan ni mọ́tò ń rí ọ̀nà gbà, lórí yìnyín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1995 ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó bàbá ọmọ báyìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n rí ohun kan tó ń dán bí epo lójú omi inú táńkì. Wọ́n ti ẹ̀rọ pa, wọ́n fi bàálù kó àwọn ará ìlú lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Thunder Bay, nínú àjàkálẹ̀ kòrónà. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó padà sílé.

Ṣé kò wá sẹ́ni tó ń ṣọ́ ìjọba ni? Ó wà. Ọ́dítọ̀ Àgbà ni, ẹni tó ń yẹ owó àti iṣẹ́ ìjọba wò. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mínísítà kankan, ilé aṣòfin ló ń jábọ̀ fún. Ọ́fíìsì rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ omi yìí wò ní 2005. Wọ́n padà síbẹ̀ ní 2011, wọ́n tún padà ní 2021.

Ìròyìn 2021, èyí tí Ọ́dítọ̀ Àgbà Karen Hogan gbé jáde, ló tó kà. Ìkìlọ̀ omi 60, ìyẹn ìkìlọ̀ pé omi ò ṣeé mu bẹ́ẹ̀, tó ti lé lọ́dún kan ló ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì ti kọjá ọdún mẹ́wàá. Ìṣirò tí wọ́n fi ń pín owó ìtọ́jú ẹ̀rọ, 1987 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, kò sẹ́ni tó tún un ṣe látìgbà náà! Owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn níbòmíràn. Ẹ rò ó wò ná: ẹ kọ́ ọmọ níṣẹ́ tán, ìlú ńlá pè é pẹ̀lú owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé yóò dúró?

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbànújẹ́ ni o, ni pé lábẹ́ ìmọ̀ràn Ọ́dítọ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba a máa kọ èsì. Èsì wọn? "A gbà." Ọ́dítọ̀ lè rí i, ó lè kọ ọ́, kò lè pàṣẹ. Justin Trudeau, tó di olórí ìjọba Kánádà lọ́dún 2015, fúnra rẹ̀ ṣèlérí lọ́dún náà pé gbogbo ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí máa tán ní oṣù kẹta 2021. Oṣù náà dé, ó kọjá.

Ilé ẹjọ́ ni Neskantaga àti ìlú First Nations méjì mìíràn, Curve Lake àti Tataskweyak, gbà lọ. Ní 2021, ìjọba fara mọ́ àdéhùn bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là Kánádà. Ó kéré tán, bílíọ̀nù mẹ́fà níbẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ omi. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ojú tó ń ṣọ́ wọn ò fọ́. Òfin tí wọ́n lè fi di ìjọba mú ni ò sí. Wọ́n fi òfin tuntun sínú àdéhùn náà pẹ̀lú. Àbá rẹ̀, C-61, wọ ilé aṣòfin ní oṣù kejìlá 2023. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n dá ìjókòó ilé náà dúró láìparí rẹ̀, àbá náà sì kú síbẹ̀.