Kí Wọ́n Tó Kọ Òfin Tán Ló Yẹ Kí Wọ́n Ti Pe Ará Ìlú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: òfin tí wọ́n ti kọ tán kí wọ́n tó pe ará ìlú kì í ṣe òfin tí ará ìlú bá wọn ṣe, ìjọba tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa fi ọlọ́pàá gba ohun tí ì bá fi ìfohùnṣọ̀kan gbà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílé wa níbí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú yìí dó ní 1830, Ògbóni, Olórógun àti Pàràkòyí ni wọ́n jọ ń ṣàkóso rẹ̀, ìyẹn àwọn àgbà, àwọn jagunjagun àti àwọn oníṣòwò. Ní 1864, Ẹfúnróyè Tinúbú di Ìyálóde. Nígbà tí òyìnbó wá kó agbára náà jọ sí ààfin nìkan, tí owó orí sì bẹ̀rẹ̀ ní 1918, àwọn obìnrin ń san tiwọn lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń bu owó náà lé wọn.

Gbogbo yín lẹ mọ bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ṣe yí ààfin ká ní 1947, tí Aláké, Ọba Adémọ́lá Kejì, sì fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé àwọn ìyá wọ̀nyí kò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó dípò obìnrin, wọ́n sì ní kí ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀ rọ́pò àṣẹ ẹnì kan. Nítorí náà, kí àwọn tó ń sọ pé òfin kò yé ọlọ́jà jẹ́ kó tó gẹ́ẹ́. Ta ló mọ ibi tí owó orí ti ń dunni ju ẹni tó ń san án lọ?

Àsìkò ti lọ, ẹ jẹ́ kí n yára. Abala 14 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ọwọ́ ará ìlú ni ìjọba ti ń gba agbára. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní 2006, ilé ẹjọ́ gíga tó ń rí sí ìwé òfin fagi lé òfin àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, nítorí pé àwọn aṣòfin kò fún ará ìlú láyè tó láti dá sí i.

Ibí yìí ni ìyá kan ti dìde. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ ń yin ìgbìmọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ta ló pe àlejò síbẹ̀? Títí dòní, onílé ni wọ́n ń pè sí ìpàdé àdúgbò. Àwa tí a ń háyà ilé ńkọ́?”

Òótọ́ ni ìyá sọ. Ẹrú kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò ní. Ẹni tí òfin bá máa kàn ló yẹ kí wọ́n pè, kì í ṣe ẹni tó ni ilẹ̀ nìkan. Bí àbá òfin bá máa bu owó lé aláàdìrẹ Ìtòkú, kí wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ìsọ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan fún wọn nígbà tí ọjà bá tú, kí wọ́n kọ èrò ayálégbé sílẹ̀ bí ti onílé, kí aṣòfin sì padà wá sọ èyí tó gbà àti èyí tí kò gbà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kó tó dìbò lé e.