Kí ló dé tó jẹ́ Sátánì là ń pàtẹ́wọ́ fún?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkúrẹ́ níbí ni mo wà. Àjíǹde tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òkè Àró ṣe dírámà, ọmọ tó ṣe Jésù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó mira, àmọ́ bí Sátánì ṣe wọlé báyìí nínú aṣọ pupa tó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé dìde, àwọn ìyá àgbà gan-an ń pàtẹ́wọ́. (Sátánì ni mo pè é o, mi ò pè é ní Èṣù, ti Èṣù àwọn bàbá wa, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.)

Kì í ṣe tiwa nìkan. John Milton, akéwì ará Ìlú Ọba tó ti fọ́jú, gbé Paradise Lost jáde lọ́dún 1667, ewì gbọọrọ lórí ìṣubú Ádámù àti Éfà, ó ní òun fẹ́ fi han aráyé pé ọ̀nà Ọlọ́run tọ́. Ta wá làwọn tó kà á ń sọ̀rọ̀ ẹ̀? Sátánì! William Blake, akéwì ará Ìlú Ọba míì tó dé lẹ́yìn ẹ̀, tiẹ̀ ní ẹ̀yìn Sátánì ni Milton wà láìmọ̀.

Ohun tí mo rí ni pé Sátánì ní nǹkan tó ń dùn ún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú síná, ó fẹ́ bá àwọn ọmọ ogun ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lanu, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹkún gbà á lẹ́nu. Ta ni ò ní ṣàánú ẹ̀? Ọlọ́run ti mọ bó ṣe máa parí, torí náà tó bá sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìfilọ̀ ni. Milton náà sì ti fi kálámù gbèjà àwọn tó bẹ́ ọba wọn lórí lọ́dún 1649, ó mọ bọ́rọ̀ ọlọ̀tẹ̀ ṣe ń dùn létí.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin! Ẹni tó ní ó sàn kóun jọba ní ọ̀run àpáàdì ju kóun máa sìn lọ́run lọ, ó di ẹyẹ lórí igi, ó di ọ̀pọ̀lọ́ tó lúgọ sétí Éfà, ó di ejò. Ní ìwé kẹwàá, ìyẹn apá kẹwàá ewì náà, ó padà sílé ní ọ̀run àpáàdì, ó fọ́nnu tán, ó dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣììì ló gbọ́, gbogbo wọn ti dejò, òun náà dejò.

Dírámà wa ò débẹ̀, ibi ẹ̀rín yẹn ló parí sí. Mo ti lọ bá ọ̀gá dírámà wa, mo ní lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó padà wá dúró de àtẹ́wọ́ yẹn.