Ọlọ́nàdé: Ohun Tó Mú Fákẹ́yẹ Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ wo ìtì igi yìí dáadáa. Lójú tèmi tiyín, igi lásán ni. Àmọ́ agbẹ́gilére tó jókòó tì í ti rí ìyá tó pọn ọmọ nínú rẹ̀. Ó kù kó yọ wọ́n jáde.

Àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń bi mí pé ṣé ẹ̀bùn ló ń gbé oníṣẹ́ ọnà dálẹ́. Mo ti rí ẹlẹ́bùn púpọ̀ tó pa iṣẹ́ tì kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan lónìí: Alàgbà Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ.

Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1928, ní agboolé àwọn agbẹ́gilére. Ìran karùn-ún lòun. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn ná: Ọlọ́nàdé. Ẹni tó ni ọnà ti dé! Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, kékeré ló sì ti ń gbẹ́ ère.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí nígbà náà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kírísítì ti gbilẹ̀, àwọn tó ń ra ère òrìṣà sì ń dín kù. Lákòókò yẹn ni Fadá Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ń kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí Ọyẹ́-Èkìtì. Ibẹ̀ ni Làmídì ti bá George Bándélé pàdé, ọmọ Areògún, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbẹ́gilére ará Ọ̀sì.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Ọmọ ọlọ́nà ni, iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ní "ìdílé wa ni wọ́n ti ń ṣe é," ta ló máa dá a lẹ́bi? Síbẹ̀, nígbà tó rí i pé ọwọ́ Bándélé ju tòun lọ, ó fara rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọmọṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ìrẹ̀lẹ̀ yìí wú mi lórí ju gbogbo oyè tó padà gbà lọ.

Kí lèèyàn ń kọ́ fún ọdún mẹ́ta? Ẹ jẹ́ n fi hàn yín. Ìpele mẹ́rin ni igi ń gbà kó tó di ère. Ọnà lílé ló ṣáájú: wọ́n á fi àáké là á sí orí, ọrùn, ara àti ẹsẹ̀. Èyí tí àáké bá ti gé kúrò, kò ṣeé lẹ̀ padà. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ. Lẹ́yìn náà, dídán, kára igi lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: ẹnu ọ̀bẹ á fa ìlà ojú, á fa ipénpéjú, á to irun orí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọṣẹ́ tó bá ń kánjú, ibi fínfín lojú rẹ̀ máa wà, torí ibẹ̀ lẹwà ti ń hàn. Bẹ́ẹ̀ bí orí ò bá jókòó dáadáa sórí ọrùn nígbà lílé, kò sí ìlà tó lè bò ó.

Fákẹ́yẹ kò yan oníbàárà pẹ̀lú. Mùsùlùmí ni, Àlháájì, síbẹ̀ òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ́dún 1978, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 2006, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, dá a lọ́lá. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ọdún 2009 ló dágbére fáyé.

Ère Odùduwà tó gbẹ́ lọ́dún 1987 ṣì wà nínú gbọ̀ngàn Odùduwà ní yunifásítì Ifẹ̀ yẹn. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì wo àwọn ìlà tó fín sí i. Ẹ kọ́kọ́ wo bí orí ṣe jókòó sórí ọrùn.