Ṣé Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Wá Kópa Ló Ń Ra Màlúù? Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Oṣù Tíṣà Pírámárì

Ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún mi láti bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, alága ìjókòó sì ti ń wo aago kí n tó la ẹnu.

Ẹ wo péésílíìpù yìí. Mo ti lẹ bébà mọ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Owó orí rèé, owó NUT, ẹgbẹ́ àwa tíṣà, rèé, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rèé, gbèsè ọ̀kadà ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kí àlááàtì tó dún, gbogbo wọn ti mú tiwọn. Ibẹ̀ làwa tíṣà máa ń tẹjú mọ́, tí a ó máa ṣépè fún akọ̀wé owó. Èmi ò bá akọ̀wé jà. Àpò tí owó náà ti jáde ni ká wò.

Tọkọtaya lè jẹ́ tíṣà, kí wọ́n jọ wà ní ìpele 08, ọkọ ní sẹ́kọ́ńdírì, ìyàwó ní pírámárì. TESCOM, àjọ tó ń bójú tó tíṣà sẹ́kọ́ńdírì, lọ̀gá ọkọ, àpò ìpínlẹ̀ ló sì ti ń gbowó. SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń gbé ìyàwó láti iléèwé kan sí òmíràn, àmọ́ owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń san tirẹ̀. Owó yẹn kì í sì dé ọwọ́ alága káńsù. Abala 162 ìwé òfin 1999 ní kí ìpínlẹ̀ ní àsùnwọ̀n àjùmọ̀ní fún àwọn káńsù rẹ̀. Inú rẹ̀ lowó Àbújá ń wọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ti tíṣà, kí káńsù 33 tó wà ní Ọ̀yọ́ níbí tó pín ìyókù.

Ẹni bá mọ̀ mí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Òfin kan náà, ní Àfikún Kẹrin, ní kí ìjọba ìbílẹ̀ "kópa" nínú ètò ẹ̀kọ́ pírámárì. Kópa! Àna rẹ ní kó o wá kópa nínú ìnáwó òun, o débẹ̀, wọ́n ní ìwọ lo máa ra màlúù, ìwọ lo máa gbé kánópì wá, àna rẹ wá jókòó sí tábìlì àwọn ọlọ́lá. Àwọn lọ́yà ìjọba ní mi ò ka òfin dáadáa. Mo kà á. Ọ̀rọ̀ kan yẹn làwọn máa ń fò.

Aago ń lọ. Owó UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ òfin 2004, ti kíláàsì àti àga ni, kì í ṣe ti owó oṣù. Owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 ni Àbújá fọwọ́ sí ní 2024, Ọ̀yọ́ gbé tiẹ̀ dé ₦80,000. Àlékún 27.5% fún tíṣà ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ ohun tójú wa rí lórí rẹ̀ ní 2008.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ìgbéga ni ìyá kan nawọ́ lẹ́yìn. "Ẹ má bínú, sà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ní kówó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, láti oṣù keje 2024. Tó bá wá dọ́wọ́ wọn, ta ló máa san tèmi?"

Mo pa ìwé mi dé. Mà, a ti rí irú ẹ̀ rí. Ní 1991, ìjọba ológun di pírámárì lé káńsù lórí. Oṣù ń gorí oṣù, a ò rówó gbà, a dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di 1993, Àbújá tún ń yọ owó oṣù wa kúrò nínú owó káńsù láti orísun. Ní 2002, ilé ẹjọ́ kan náà ní Àbújá ò láṣẹ láti yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ nìyẹn. Tó bá tún padà sí káńsù báyìí, àfi kí ìpínlẹ̀ tó ń pàṣẹ mú tiẹ̀ wá. Ẹ bi alága káńsù yín pé kí ló máa kọ́kọ́ san.

"A ti bi í, sà. Ó ní ká lọ bi gómìnà."